Ṣé dandan ni ká fọ́ kọnkéré tó bá rì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé lọ́dọọdún, pàápàá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀: "German floor mi ti rì, bíríkìlà yẹn ló jí símẹ́ńtì mi. Màá fọ́ ọ, màá tún un dà, màá sì jẹ́ kó nípọn lọ́tẹ̀ yìí." German floor ni kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ ilé lórí ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Kì í ṣe pé bíríkìlà kì í jí símẹ́ńtì; àwọn kan ń jí i. Ṣùgbọ́n kọnkéré tí símẹ́ńtì rẹ̀ kò tó, rírún ló máa ń rún. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀, yanrìn á máa bá ìgbálẹ̀ lọ, kò ní tán. Èyí tó wọlẹ̀ tó sì gbé táìlì lọ́wọ́ lọ, ohun tó yẹ kó gbé e ró nísàlẹ̀ ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ gbà pé kọnkéré kò lè dá wọlẹ̀ láìjẹ́ pé ilẹ̀ fún un láyè, nítorí náà n kò ní fa ìyẹn gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni erùpẹ̀ tí wọ́n dà sínú ìpìlẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fílíǹ.

Bí ìpìlẹ̀ bá ti yọ, tíípà á bẹ̀rẹ̀ sí í já erùpẹ̀ pupa. Ní ibi tí ilẹ̀ ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíi púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìbàdàn, igun ilé kan lè gba ẹsẹ̀ bàtà 1 péré kí òdìkejì rẹ̀ gba 4 tàbí 5. Àwọn lébìrà á fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á dà kọnkéré lé e. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n gún un, èsì tí ẹ máa gbà ni pé: "Òjò ti rọ̀ sí i, ó ti jókòó."

Gbólóhùn yẹn ló ba German floor jẹ́ ju símẹ́ńtì tí wọ́n jí lọ. Òótọ́ ni pé omi lè mú yanrìn tó mọ́, tí kò ní amọ̀ nínú, jókòó, nítorí pé omi á gba àárín rẹ̀ kọjá kíákíá, á sì fa horo rẹ̀ mọ́ra. Erùpẹ̀ pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, òkè rẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á sì dí omi lọ́nà. Ìṣù erùpẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, bí tíípà ṣe já a náà ló ṣe máa wà, afẹ́fẹ́ á sì wà láàárín ìṣù kan sí èkejì. Nígbà tí oòrùn bá ràn, òkè á gan. Ẹ á fi gìgísẹ̀ gún un, kò ní wọlé, ẹ á sì rò pé ilẹ̀ ti le. Lọ́jọ́ tí páìpù bá jò sí i, tàbí tí omi òrùlé bá rí ọ̀nà wọ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ìṣù yẹn á yọ́, wọ́n á kún àyè tó wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀. Bí fílíǹ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó sì jẹ́ pé ìdá 5 péré nínú 100 ló fi sọ̀ kalẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 2 nìyẹn. Íǹṣì 2 tó láti jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa há.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ̀. Ní 1933 ni ẹnjiníà kan ní Los Angeles, Ralph Proctor, kọ àlàyé tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti ìsédò ṣì ń tẹ̀lé títí di òní: erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n omi tó máa ń jẹ́ kó ki jù lọ bí a bá gún un. Bí omi kò bá tó, kò ní dì mọ́ra. Bó bá pọ̀ jù, omi náà ló máa gba àyè tó yẹ kí erùpẹ̀ gbà. Lórí sáìtì, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì la ọwọ́ yín. Bí ó bá fọ́n ká, ó gbẹ jù. Bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá tutù rinrin, omi ti pọ̀ jù. Bí ó bá dúró ní ìṣù, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó sì dá sí méjì láì rún wómúwómú, ó ti tó gún. Íǹṣì 6 ni kí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi compactor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gún ilẹ̀, gún un kó le, kí wọ́n tó da òmíràn. Ẹni tó da ẹsẹ̀ bàtà 3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó wá gbé ẹ̀rọ gun orí rẹ̀, òkè nìkan ló gún.

Ní báyìí, kí ni ẹni tó fọ́ kọnkéré tó sì tún un dà rí gbà? Àǹfààní kan péré ni mo rí nínú fífọ́: ó jẹ́ kí ọwọ́ tó erùpẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọn kò wú erùpẹ̀ yẹn, tí wọn kò sì tún un gún, kọnkéré tuntun lẹ rà fún ilẹ̀ tó já yín kulẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àwọn tó ní àwọn kò ní fọ́ ọ, pé àwọn á kàn da òmíràn lé e kó lè bá ara wọn dọ́gba, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọnkéré tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó ń wọ̀n tó kílò 2,400. Yàrá tó jẹ́ mítà 3 níbùú, mítà 4 ní gígùn, bí ẹ bá da kọnkéré íǹṣì 4 kún un, ó ti sún mọ́ kílò 2,900. Ó dà bí ẹni to àpò símẹ́ńtì tó ju 55 lọ sínú yàrá kan, lórí ilẹ̀ tí kò lè gbé ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà wà láti tún un ṣe láì fọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1930 sí 1939 ni wọ́n ti ń lu ihò sára kọnkéré ojú ọ̀nà, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ ti erùpẹ̀ àti símẹ́ńtì tí wọ́n fi omi pò sísàlẹ̀ rẹ̀ títí á fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni fóòmù polyurethane, ìyẹn fóòmù oníkẹ́míkà tó máa ń wú, dé, tó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ihò rẹ̀ sì kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston lè rí wọn pè wá sí ẹnu ọ̀nà ilé yín. Nílé níbí, ohun tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà lè ṣe ni kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n sì da símẹ́ńtì àti yanrìn tó ṣàn sínú àlàfo títí á fi kún. Ìyẹn á gbé e ró kó má baà tún rì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè gbé e padà sókè. Bí fílíǹ bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tó sì rọ̀ látòkè délẹ̀, àlàfo íǹṣì kan tí wọ́n dí lókè kò kan ibi tí àrùn wà. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún un níbẹ̀.

Fífọ́ pàápàá ní ewu tirẹ̀ tí wọn kì í sọ fún onílé. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, orí blọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ ni wọ́n da German floor gùn, kí wọ́n tó to ògiri lé e. Etí rẹ̀ wà lábẹ́ ògiri. Ẹni tó bá fi òòlù ńlá fọ́ ọ dé ìdí ògiri, ìjókòó ògiri ló ń mì. Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e yíká, kí ó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àárín. Ògiri tí wọ́n fi pín yàrá tí kò ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, orí kọnkéré yẹn náà ló dúró lé.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ wá omi rí ná. Lálẹ́, ẹ pa pọ́ńpù, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ ki igi gígùn bọ inú táǹkì, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bu omi, ẹ tún ki igi náà bọ̀ ọ́. Bí omi bá ti fà, tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jò, páìpù kan ti bẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀. Èyí kò lè fi páìpù omi ìdọ̀tí hàn o; ìyẹn, àfi kí wọ́n ṣí chamber, ihò tí wọ́n fi ń yẹ páìpù omi ìdọ̀tí wò, wò. Ẹ sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìpẹ̀kun ibi tí kọnkéré ti sán, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì yẹn lẹ́yìn òjò kan, ilẹ̀ ṣì ń lọ, owó tí ẹ bá ná sí i nísinsìnyí á bá a lọ.

Ní tèmi, bí kọnkéré bá ṣì wà lódindi, tí ó sán lójú kan tàbí méjì, tí ẹ sì ti dí omi tó fà á, mo máa ń fara mọ́ pé kí wọ́n dí àlàfo rẹ̀ kí wọ́n sì tẹ́ ojú rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti fọ́ yángá, tàbí tó jẹ́ pé ìdọ̀tí tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi kún àbàtà tẹ́lẹ̀, bí ó ti wà láwọn apá kan ní Èkó, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ kó ohun tó wà nísàlẹ̀ dànù. Láàárín méjèèjì, ẹ gbẹ́ ihò kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ iye tí ẹnikẹ́ni bá dá lé e.

Ṣùgbọ́n bí ibi tó rì bá sún mọ́ sọ́kawéè, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dé ibẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ṣí i wò, nítorí ìbòrí rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń já. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń já omi gba orí rẹ̀: lítà 10,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù 10, láì tíì ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ògiri bá sì ti ń sán ní ìdábùú láti igun fèrèsé, tí ojú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ìpìlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ má pe bíríkìlà fún ìyẹn, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kí ẹ pè.