Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ajá Láti Sùn sí Àyè Tirẹ̀

Ajá tó ń fò gun bẹ́ẹ̀dì olówó rẹ̀ lóru kì í ṣe aláfojúdi. Ọ̀dọ̀ ìkookò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ìkookò sì jẹ́ ẹran tó ń gbé lágbo. Látìgbà tí wọ́n ti bí i ni òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti ń sùn lé ara wọn lórí, nítorí pé ọmọ ajá tuntun kò lè dá mú ara rẹ̀ móoru. Ibi tí òórùn àti ooru ará ilé bá wà ló máa ń wá lọ. Ìdí nìyẹn tí lílé e sílẹ̀ kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀: ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì mọ ibi tó yẹ kó lọ.

Ibi tí a fẹ́ kó lọ gbọ́dọ̀ tù ú lára. Táìlì máa ń tutù lóru, nítorí náà fóòmù ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, kó fẹ̀ débi tí ajá á lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ tí olówó rẹ̀ ti wọ̀, tí kò tíì fọ̀, ṣeé tẹ́ sórí rẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kó wà. Bó bá ti mọ́ ọn lára, a ó máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé pálọ̀.

Ọ̀sán ni ẹ̀kọ́ gan-an ti ń wáyé, kì í ṣe òru tí oorun ti ń kun gbogbo èèyàn. Ẹran bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà ti tó. Bí ajá bá ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ibùsùn rẹ̀, kí ẹran bọ́ síwájú rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá fi lè ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, kò ní mọ ohun tí a torí ẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì pe ajá kúrò lórí ibùsùn kó tó fún un lẹ́ran ti sanwó fún un pé ó kúrò. Lẹ́yìn náà, ó di pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó jẹ, lẹ́yìn ìyẹn ó di pé ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tó bá ti ń dá lọ fúnra rẹ̀ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kó mọ̀, bíi "Lọ sùn". Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò.

Tó bá di alẹ́, kó ti tọ̀ kí iná tó kú. Ọmọ ajá oṣù méjì tàbí mẹ́ta kò lè di ìtọ̀ mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ké láàárín òru, a ó mú un jáde láìbá a ṣeré, a ó sì dá a padà. Igbe "ẹ gbé mi" yàtọ̀ síyẹn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lóhùn, igbe yìí máa ń le sí i kó tó rọlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń juwọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ń ké jù, ohun tó kọ́ ni pé igbe kékeré ni kò ṣiṣẹ́. B. F. Skinner, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi eku àti ẹyẹlé ṣèwádìí irú nǹkan báyìí: ìwà tó ń mérè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń ṣòro pa rẹ́ ju èyí tó ń mérè wá nígbà gbogbo lọ. Ẹni tó ń yọ́ gbé ajá gorí bẹ́ẹ̀dì ní alẹ́ Sátidé nìkan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nínú ilé.

Ajá tó ń gbọ̀n, tó ń da itọ́, tó ń ha ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á ní tiẹ̀, kì í ṣe agídí. Ṣe ni ká tún fa ibùsùn rẹ̀ sún mọ́ wa. Kò sì yẹ ká máa lé ajá tó jẹ bàtà lọ síbẹ̀ bí ẹni tí a jù sẹ́wọ̀n.

Bí èyí tó ti mọ ibùsùn rẹ̀ bá ṣàdédé kọ̀ ọ́, ká kọ́kọ́ yẹ ojú rírán ibùsùn náà wò bóyá eégbọn ti wọ̀ ọ́. Ajá tó ti darúgbó, oríkèé ló lè máa ro ó; fóòmù tó nípọn sí i àti dókítà ẹranko lọ̀rọ̀ kàn.