Áàpù Tiwa-n-Tiwa, Kọ́kọ́rọ́ Ń Bẹ Lọ́wọ́ Ta?

Oníbàárà mẹ́rin ló gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Queen Cinema, n'Ìbàdàn, lóṣù yìí nìkan, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kan fi áàpù kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn, ó ní tiwa ni, ọmọ Yorùbá ló ṣe é, VPN wà nínú ẹ̀, bí ìjọba bá tún ti íntánẹ́ẹ̀tì pa bíi tọjọ́sí, èyí kò ní kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbà, wọ́n gbà. Ó tún ní kí wọ́n gbà, wọ́n tún gbà. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi í sọ.

Lọ́dún 2021, ìjọba kò ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Twitter nìkan ni wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ Twitter lókè òkun. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nílé níbí ni wọ́n pàṣẹ fún, àwọn ni wọ́n sì ń dá fóònù yín padà lójú ọ̀nà. VPN a máa di ọ̀rọ̀ yín sínú àpò, a rán ẹnu rẹ̀ pọ̀, a gbé e fún ẹlòmíràn nílẹ̀ òkèèrè, ẹni yẹn a tú u, a sì bá yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò wá mọ ibi tí ẹ ń lọ mọ́. Ẹni tó ń bá yín jíṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n: ibi tí ẹ lọ, aago tí ẹ lọ, bí ẹ ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ẹ kò bá san kọ́bọ̀ fún un, kí lẹ rò pé ó ń jẹ?

Fáìlì APK, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé áàpù sórí fóònù, tó bá ti orí WhatsApp wá kò gba ọwọ́ Play Store kọjá, wọn kò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń tọrọ. VPN kò nílò àti ka SMS yín, kò nílò nọ́ńbà ará àti ọ̀rẹ́ yín. Èyí tó burú jù ni àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Accessibility. Wọ́n ṣe é fún àwọn tí kò ríran dáadáa àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣe é lò tó, kí áàpù lè máa ka ojú fóònù fún wọn, kó sì máa bá wọn tẹ̀ ẹ́. Áàpù olè tó bá gba àṣẹ yìí ti di ẹ̀yin gan-an. Á rí páṣíwọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, á ka nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́, á sì fowó ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn. Kí ẹ tó ka ìlà tó kàn, ẹ wọ Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ wo áàpù tó wà ní títàn níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ bó ṣe débẹ̀, ẹ pa á.

Ní ti pé ó jẹ́ tiwa, inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wa. Seun Osewa dá Nairaland, ojú òpó ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ lọ́dún 2005. Síbẹ̀, lóṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn kan já wọ inú ẹ̀rọ tó gbé e dúró, wọ́n nu ún mọ́. Nígbà tó fi padà dé, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan ti ṣègbé. Koo ti India, áàpù tó jọ Twitter, tí ìjọba wa sáré lọ bá nígbà tí wọ́n dí Twitter, ti kógbá wọlé lọ́dún 2024. Ẹ tún wo Rọ́ṣíà. Pavel Durov dá VKontakte, tó dà bíi Facebook, sílẹ̀, tiwọn-n-tiwọn gidi. Àwọn agbófinró ní kó kó orúkọ àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Ukraine wá, ó kọ̀. Lọ́dún 2014, ó fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun, ọ̀nà rẹ̀ ni ìjọba lè dí. Ẹni tó bá ń gbé àárín ìlú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n máa kàn. Àwọn ọmọ tó ń gbé áàpù tuntun wá fún mi, mo máa ń bi wọ́n pé: níbo ni server yín, ẹ̀rọ tó gbé áàpù yín dúró, wà, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí lẹ máa ṣe tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn? Ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn rí.

Ẹni kẹrin nínú oníbàárà tí mo sọ jẹ́ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Fóònù rẹ̀ a máa tàn fúnra rẹ̀ lóru, a máa ṣí, a máa pa dé. Ìyá ní ayé ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níwájú pẹpẹ, wọ́n ń wọ́n omi sí i. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà láyè kò gbọ́ àdúrà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, áàpù náà ń fi orúkọ ìyá tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀. Ìyá àna rẹ̀ fi ₦60,000 ránṣẹ́. ₦380,000 owó ọjà rẹ̀ náà lọ.

Ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló kọ́kọ́ wá lẹ́yìn àdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ agboòrùn, tí wọ́n fi oṣù méjì kọ́ṣẹ́, gba ₦3,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á fláàṣì rẹ̀. Kò bi í léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó nu gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, ó tún wá gbé áàpù kan náà padà sórí rẹ̀, torí ìyá ní òun ṣì ń fẹ́ ẹ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi yọ ọ́. Ìyá dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní, "Ẹńjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fídíò ìyá mi. Ọdún tó máa kú ni mo ká a, ó ń ki àwọn ọmọ mi ní oríkì níbẹ̀."

Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò rí i.