Lijst Dedecker: Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tí Ìlékúrò Bí

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Jean-Marie Dedecker, olóṣèlú ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, lò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú N-VA. Ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni wọ́n gbà á wọlé tayọ̀tayọ̀. Kí oṣù Kejìlá tó dé ìdajì, wọ́n ti ní kó máa lọ. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ẹgbẹ́ VLD, tí òun ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1999, ti lé e jáde. Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2007, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́: Lijst Dedecker. Ní èdè Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ ní Flanders, apá àríwá Bẹ́ljíọ̀m, ohun tí "lijst" túmọ̀ sí ni àtẹ orúkọ àwọn olùdíje.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí máa ń dá gbogbo rẹ̀ lé ìwà Dedecker lórí: pé ẹnu rẹ̀ mú, pé kì í gba ìtọ́ni, pé ó lè bá òjìji ara rẹ̀ jà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó túbọ̀ ń hàn sí mi pé bí wọ́n ṣe kọ́ ilé òṣèlú Flanders ló bí ẹgbẹ́ náà ju ìbínú ẹnì kan lọ. Ìlẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ọdún 1992. Àwọn ìlẹ̀kùn yòókù tì pa lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Nieuwpoort, ìlú apẹja létí òkun Àríwá, ni wọ́n ti bí Dedecker ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1952. Júdò ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀, kì í ṣe òṣèlú. Fún nǹkan bí ogún ọdún, òun ni olùkọ́ àgbà fún ikọ̀ júdò Bẹ́ljíọ̀m. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe tó nígbà náà, kó wo Òlíńpíìkì Atlanta ọdún 1996. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà ni Bẹ́ljíọ̀m gbà níbẹ̀, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti júdò: wúrà ni ti Ulla Werbrouck, fàdákà ni ti Gella Vandecaveye, idẹ sì ni ti Marisabel Lomba àti Harry Van Barneveld. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, ojú gbogbo ayé sì wà lára wọn. Olùkọ́ tó ń pariwo létí pápá, tó ń bá àwọn aláṣẹ eré ìdárayá fa ọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, di ẹni tí gbogbo ilé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ará Flanders fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ jáde.

Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni kò ní fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀? Àwọn VLD ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdìbò ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1999, ọjọ́ tí Dedecker pé ọmọ ọdún 47 gan-an, ló gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m kò tíì gbàgbé ìdìbò yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ májèlé dioxin tí wọ́n bá nínú oúnjẹ adìyẹ ló gbalẹ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ìjọba Jean-Luc Dehaene ṣubú, Guy Verhofstadt ti VLD sì di olórí ìjọba.

Ibí yìí ló yẹ ká ti dúró díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ irú ilé tí VLD jẹ́ kò lè mọ ìdí tí Dedecker fi rò pé ilé òun ni.

Ìran àwọn lìbẹ́rà ni VLD. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tí wọ́n bá pè ní lìbẹ́rà ni ẹni tó gbà pé kí ìjọba fi ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà, kí owó orí kéré, kí àlùfáà má sì pàṣẹ fún ará ìlú. Ẹgbẹ́ PVV ni àwọn lìbẹ́rà Flanders ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Verhofstadt ti jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná níbẹ̀ láti ọdún 1985, ó sì le mọ́ ọ̀rọ̀ ìnáwó ìjọba débi pé wọ́n ń pè é ní "Baby Thatcher", ìyẹn ni pé ọmọ Margaret Thatcher ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, ó tú PVV ká, ó sì dá VLD sílẹ̀ kí ilé náà lè gba èrò púpọ̀ sí i. Ó ké sí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Flanders láti inú ẹgbẹ́ Volksunie. Jaak Gabriëls àti Hugo Coveliers wà lára àwọn tó wá. Ó ké sí àwọn oníṣòwò, ó ké sí àwọn tí òṣèlú àtijọ́ ti sú. Ohun tó ń wí ni pé kí agbára kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú, kó bọ́ sọ́wọ́ aráàlú fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Dedecker gbọ́, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mi ò rò pé ó tàn ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣùgbọ́n olùdíje kì í sọ̀rọ̀ bí olórí ìjọba. Nígbà tí Verhofstadt dé orí àlééfà, àwọn sósíálísítì àti ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé ló bá jọ ṣèjọba. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìjà pẹ̀lú àwọn sósíálísítì wá di ilé tí wọ́n jọ ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tó wá fa aṣọ ya ni ẹ̀tọ́ ìdìbò fún àwọn àjèjì tí kì í ṣe ará Ìparapọ̀ Yúróòpù: ṣé kí wọ́n dìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ àbí kí wọ́n má dì í? Òfin náà kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004. VLD kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ìjọba tú nítorí rẹ̀. Awuyewuye náà gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Karel De Gucht. Dedecker wà lára àwọn tó fàáké kọ́rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ìdìbò ilé aṣòfin Flanders wáyé. Vlaams Blok, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún tó le jù, gba ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, VLD sì bọ́ sẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ Vlaams Blok gba àlàyé tirẹ̀. Láti ọdún 1989 ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti jọ mulẹ̀ pé àwọn kò ní bá a ṣèjọba láé, nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àwọn àjèjì. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ dá àwọn àjọ tó gbé e ró lẹ́bi ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì yí orúkọ padà sí Vlaams Belang. Dedecker lòdì sí ìmùlẹ̀ náà. Ohun tó ń rò ni pé ìbò ẹni tí wọ́n ti síta kì í parẹ́, ṣe ló ń gbèrú, àti pé lìbẹ́rà tó bá fẹ́ gba àwọn olùdìbò yẹn padà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn àti nípa àjèjì láìfi bò. Níbí ni èmi àti òun ti pínyà. Ẹni tó bá ń fi ohùn aládùúgbò kọrin lójoojúmọ́ láti fi gba èrò ilé rẹ̀ kò ní pẹ́ gbàgbé ohùn ara rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ owó orí àti òmìnira ọjà ń kéré sí i lẹ́nu Dedecker, ọ̀rọ̀ àjèjì àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ń pọ̀ sí i.

Ní òpin ọdún 2004, ó jáde du ipò olórí VLD. Bart Somers, ẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́, ló wọlé, ṣùgbọ́n ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò lọ ló tẹ̀ lé Dedecker. Ìṣẹ́gun tó ń dẹ́rù ba aṣẹ́gun ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ méjì ló ń gbé inú ilé kan.

Ọ̀nà àtijáde sì ti là kí Dedecker tó tọ̀ ọ́. Ward Beysen ti fi VLD sílẹ̀ ṣáájú, ó dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Coveliers, ọ̀kan nínú àwọn tí Verhofstadt ké sí, ni wọ́n lé jáde ní ọdún 2005. Ó dá VLOTT sílẹ̀, nígbà tó sì di ìdìbò ìbílẹ̀ ọdún 2006 ní Antwerp, orí àtẹ kan náà ni òun àti Vlaams Belang wà. Nítorí náà, nígbà tí Dedecker ń bá Noël Slangen, agbaninímọ̀ràn àwọn olórí VLD lórí ìpolongo, ta kàǹgbọ̀n ní gbangba, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn. Ìdìbò ìbílẹ̀ parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2006. Kí oṣù náà tó parí, Dedecker ti wà níta.

Ó kọjú sí N-VA. Lónìí, N-VA ni ẹgbẹ́ tó tóbi jù ní Flanders, nítorí náà ó ṣòro fún ẹni tó ń kàwé nísinsìnyí láti mọ bó ṣe kéré tó nígbà yẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti ara àfọ́kù Volksunie. Ní ìdìbò ọdún 2003, àga kan ṣoṣo ló rí gbà nínú ilé aṣojú-ṣòfin, ti Geert Bourgeois láti West Flanders, nítorí wọ́n ti ṣòfin tuntun pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹkùn kan kò ní rí àga kankan níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ náà má bàa kú, ó di ọwọ́ CD&V, ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ńlá, mú ní ọdún 2004, wọ́n sì ń jáde lórí àtẹ kan náà. Bart De Wever, olórí N-VA nígbà náà, rí i pé Dedecker yóò mú èrò wá. CD&V rí i pé yóò mú wàhálà wá. Bí wọ́n ṣe gbà á wọlé ni CD&V já okùn tó so wọ́n pọ̀. N-VA jókòó, ó ka ìdá 5 náà lórí ìka, ó sì mọ̀ pé láìsí CD&V, ó ṣeé ṣe kí òun pa rẹ́. Bí ọjọ́ mẹ́wàá náà ṣe parí nìyẹn. Wọ́n fi Dedecker sílẹ̀ kí wọ́n lè padà sórí àtẹ kan náà pẹ̀lú CD&V.

Ìdí nìyí tí orúkọ ẹgbẹ́ tuntun náà fi ní ìtumọ̀ sí mi. Ní Flanders, kì í ṣe ohun tuntun kí àtẹ ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ máa ń jẹ́ orúkọ èrò: òmìnira, Kìrìsìtẹ́nì, sósíálísítì, Flanders. Dedecker kò ní ẹ̀ka, kò ní ilé ìpàdé, ìdìbò sì ku oṣù márùn-ún. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ohun ìní tí kò sí ẹni tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2007, Lijst Dedecker gba nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo Bẹ́ljíọ̀m, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Flanders nìkan ló ti ń wá ìbò. Àga márùn-ún nínú ilé aṣojú-ṣòfin, ọ̀kan nínú ilé àgbà, èyí tí Lieve Van Ermen, dókítà ọkàn, jókòó lé. Márùn-ún gan-an ni iye tí òfin ilé náà béèrè kí ẹgbẹ́ tó lè jẹ́ ikọ̀ tí wọ́n kà sí. Àga méje ni VLD pàdánù lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó wá sábẹ́ orúkọ náà kò jọra. Werbrouck, ọmọ tó gba wúrà lábẹ́ rẹ̀ ní Atlanta, wá. Boudewijn Bouckaert, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Ghent tó ti ń jà fún òmìnira ọjà tipẹ́, fi VLD sílẹ̀ wá. Lode Vereeck, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, wá. Jurgen Verstrepen wá láti Vlaams Belang. Ìwọ̀n owó orí kan náà fún gbogbo ènìyàn ni àwọn kan tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ àjèjì ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, wọ́n gba ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún àti àga mẹ́jọ nínú ilé aṣòfin Flanders, Derk Jan Eppink, oníròyìn ọmọ Netherlands, sì lọ sí ilé aṣòfin Yúróòpù fún wọn. Ohun tí wọ́n ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìdìbò tó dé ni ó ti hàn síta pé Dedecker gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni láti tọpinpin De Gucht. Ó dùn mí láti kà á, nítorí ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn torí pé ó ń jà lójúkojú ni.

N-VA gba àga mẹ́rìndínlógún lọ́dún kan náà, láìsí CD&V lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. De Wever ń sọ ohun tí Dedecker ń sọ nípa owó orí àti nípa Flanders, pẹ̀lú ohùn tó tutù jù. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ọjọ́ ìbí Dedecker lẹ́ẹ̀kan sí i, ọdún 58: N-VA gba àga 27, Lijst Dedecker gba ẹyọ kan, tirẹ̀.

Ní ọdún 2011, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. LDD, ìkékúrú Lijst Dedecker, ṣì ni, ṣùgbọ́n ó wá dúró fún Libertair, Direct, Democratisch, ìyẹn òmìnira, tààrà, ìjọba tiwantiwa. Orúkọ èrò dé nígbà tí èrò inú ilé ti lọ. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ṣẹ́ kù sí West Flanders nìkan, nígbà tó sì di ọdún 2014, Dedecker fúnra rẹ̀ kò sí nílé aṣòfin mọ́.

Ibi tí orúkọ náà ti yè ni Middelkerke, ìlú etíkun tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Níbẹ̀, Lijst Dedecker padà sí ohun tí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ láti ilẹ̀: àtẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ó borí nínú ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Dedecker sì di olórí ìlú náà ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà sí ilé aṣojú-ṣòfin gẹ́gẹ́ bí aládàádúró. Orí àtẹ N-VA ti West Flanders ni orúkọ rẹ̀ wà.