Bí Rọ́ọ̀kì Ṣe Di Ti Bràsíìlì Nínú Àwo Orin Àkọ́kọ́ Os Mutantes

Ní oṣù Keje ọdún 1967, àwọn gbajúmọ̀ olórin wọ́de ní ìlú São Paulo láti kọ gìtá oníná, nítorí wọ́n gbà pé ohun èlò àjèjì yìí ni yóò pa orin Bràsíìlì. Gilberto Gil wà nínú wọn. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, òun fúnra rẹ̀ ti gun orí ìtàgé ìdíje orin kan pẹ̀lú gìtá oníná náà, ẹgbẹ́ Os Mutantes ni wọ́n sì jọ ṣeré: Rita Lee, Arnaldo Baptista àti Sérgio Dias. Àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí, tí ó jáde ní 1968, jẹ́ kí a rí bí orin tó ti òkè òkun wá ṣe ń di ti onílé.

Èrò náà ti wà nílẹ̀ láti 1928, nígbà tí òǹkọ̀wé Oswald de Andrade sọ pé kí ará Bràsíìlì má ṣe sá fún ohun àjèjì, kí ó má sì dà á kọ bó ṣe rí, bí kò ṣe kí ó jẹ ẹ́, kí ó dà nínú rẹ̀, kí ó sì di ẹran ara rẹ̀.

Orin “Bat Macumba” inú àwo náà, tí Gil àti olórin Caetano Veloso ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, ni ó fi ìjẹun yìí hàn jù lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Batman, akọni inú ìwé àwòrán Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Macumba, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn tó ti Áfíríkà wá, wà níbẹ̀. Iê-iê, tí wọ́n fi ń pe rọ́ọ̀kì, tẹ̀ lé e. Obá ni ó kádìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, ìbáà jẹ́ ọba orí ìtẹ́ tàbí Ọbà aya Ṣàngó. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń gé sílébù kan kúrò nídìí rẹ̀, títí yóò fi ku “ba” nìkan, kí wọ́n tó máa so wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùgbọ́ kò lè tọ́ka sí ibi tí Batman parí sí tí macumba ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró Os Mutantes. Cláudio César, ẹ̀gbọ́n Arnaldo àti Sérgio, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan gìtá àti ẹ̀rọ tó ń mú ohùn gìtá há fún wọn. Nínú orin elédè Faransé kan, ẹ̀rọ ìfọ́n oògùn kòkòrò ni Rita Lee ń fọ́n dípò kí wọ́n lu àwo idẹ ara ìlù.

Ìjọba ológun, tí ó ti wà lórí oyè láti 1964, mú Gil àti Veloso ní oṣù Kejìlá 1968. Ní ọdún kejì, wọ́n lé àwọn méjèèjì kúrò nílùú, wọ́n sì forí lé Lọ́ńdọ̀nù.