Kí ọmọ yín tó béèrè fọ́múlà, ẹ jẹ́ kó gé pépà

"Sà, fọ́múlà wo la máa lò?" Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nìyẹn bí mo bá ya àwòrán tó dagun díẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò n'Ìbàdàn. Wọn ò tíì wo àwòrán ọ̀hún tán, wọ́n ti ń wá nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa sọ di púpọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, bí a ṣe kọ́ wọn náà ni. Àmọ́ àyè inú àwòrán, tí ìwé wọn ń pè ní area, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Ẹ lè gé àwòrán, kí ẹ sún un, kí ẹ yí i, kí ẹ tún dojú ẹ̀ dé, àyè inú rẹ̀ ò ní dín, kò sì ní lé. Ọmọ tó bá ti mọ èyí ti já iṣẹ́ náà sí méjì.

Ẹ ya onígun mẹ́rin tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra sì dọ́gba. Ìdí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ̀gbẹ́ tó dagun jẹ́ 6, àmọ́ bí ẹ bá na rúlà lóòró láti ìdí dé òkè, 5 péré ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ á ní 10 lọ́nà 6, wọ́n á kọ 60. Ẹ má jiyàn. Ẹ fún un ní sísọ́ọ̀sì, kó gé onígun mẹ́ta tó yọ sápá òsì kúrò, kó gé e lóòró gangan, kó wá sún un lọ sápá ọ̀tún. Á bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú. Pépà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di onígun mẹ́rin tó dúró ṣánṣán, 10 sí 5. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 50 cm². Kò sẹ́ni tó bù nínú pépà, ibo wá ni 10 yòókù ì bá wà?

Ti onígun mẹ́ta ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gé méjì tó bára mu, ẹ yí ọ̀kan kí orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ láì dojú ẹ̀ dé, ẹ fi ti èkejì. Onígun mẹ́rin tó dagun yẹn náà ló tún dé. Ìdí tí a fi ń pín in sí méjì nìyẹn.

Lórí pépà gíráàfù, ẹ jẹ́ kó fi àyè ṣọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ká ní wọ́n fún un ní (1, 1), (5, 1) àti (2, 4). Ìdí 4, gíga 3, àyè inú jẹ́ 6. Bí wọ́n bá ní kó yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin òbírí sọ́wọ́ òsì, kí ojúkò (0, 0) má kúrò lójú kan, á di (-1, 1), (-1, 5) àti (-4, 2). Kó tún un ṣírò. Bí kì í bá ṣe 6, ó ti gbé àmì kan sódì, kó padà lọ wá a kí tíṣà tó rí i.

Ọmọ tí gíráàfù bá sú, ẹ tẹ́ àdìrẹ Ìbàdàndùn síwájú rẹ̀. Àwọn ọwọ̀n Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Kó fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó sún, kó wá èyí tó yí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á, kò lè bára mu tán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á là.

Fífẹ àwòrán lójú tàbí sísọ ọ́ di kékeré ní tiẹ̀ ń yí àyè padà, ibẹ̀ sì ni àgbàlagbà pàápàá ti ń ṣubú. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ ní àbọ̀ lẹ fẹ́, ẹni tó ń tà á ní kò burú, òun á gé e sí 30 sí 60. Ẹ má gbà! Gbogbo pulọ́ọ̀tì jẹ́ 7,200, èyí tó gé fún yín jẹ́ 1,800, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá pín gígùn àti ìbú sí méjì, àyè pín sí mẹ́rin. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po mẹ́ta, àyè di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àbọ̀ tòótọ́ ni 60 sí 60, tàbí 30 sí 120.

Ilẹ̀ tí igun rẹ̀ ò gún tún wà. Ẹ so igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ̀ ní igun. Bó bá dúró ṣánṣán, 100 cm² ni. Ẹ tì í kó dà títí gíga rẹ̀ fi di 8, ó di 80, bẹ́ẹ̀ igi kankan ò kúrú. Torí náà, ẹni tó fi téépù wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ò tíì wọn ilẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ pàápàá ṣe é bẹ́ẹ̀: wọ́n á pa ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á sì sọ èsì méjèèjì di púpọ̀. Ilẹ̀ tó wọ́ máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ na téépù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ká ní ó jẹ́ mítà 40. Láti orí okùn yẹn, ẹ wọn lóòró lọ sí igun méjì tó kù, ká ní 15 àti 17. Onígun mẹ́ta méjì ló délẹ̀ yẹn: 300 àti 340, àpapọ̀ 640 m². Bí wọ́n bá pè é ní odidi pulọ́ọ̀tì 60 sí 120, tó yẹ kó tó bíi 669 m², ẹ ní kí wọ́n yọ owó 29 m² kúrò.