Sẹ̀ǹtímítà 3 Lórí Ìjókòó Kẹ̀kẹ́

Bí orúnkún bá ń ro èèyàn lẹ́yìn tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti FUTA dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, òkè ojú ọ̀nà ló sábà máa ń gba ẹ̀bi. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fà á wálẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lè kanlẹ̀ tí wọ́n bá dúró. Ọkàn á balẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúnkún ló ń jìyà rẹ̀.

Tí pẹ́dàlì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ ti di onígun mẹ́ta nìyẹn. Itan ni ẹ̀gbẹ́ kan, ojúgun ni ìkejì, ìlà tó ti ìbàdí lọ tààrà sí ọrùn ẹsẹ̀ sì ni ìkẹta. Itan àti ojúgun kì í gùn sí i, wọn kì í sì í dín kù. Ìlà kẹta yẹn nìkan ni ìjókòó lè yí padà, bó bá sì ti yí ni orúnkún ń ká tàbí tó ń nà.

Ká mú ẹni tí itan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42, tí ojúgun rẹ̀ jẹ́ 44. Tó bá na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ìlà náà á jẹ́ 86. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ kí orúnkún ká ní nǹkan bíi dígírì 25 sí 35. Tó bá ká ní 30, ìlà náà á di 83. Sẹ̀ǹtímítà 3 péré! Ẹ wá fa ìjókòó wálẹ̀ títí ìlà náà fi di 75: orúnkún á ká tó nǹkan bíi dígírì 59. Bí pẹ́dàlì bá wá yí dé òkè, ńṣe ni orúnkún á ká jọ gan-an, tí èèyàn á sì tún máa fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìṣirò kan tàn kálẹ̀: wọn ẹsẹ̀ láìwọ bàtà, láti abẹ́ dé ilẹ̀, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 80, nǹkan bíi 70.6 ló yẹ kó wà láàárín ojú ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí àti orí ìjókòó.

Òpó ìjókòó kì í dúró ṣánṣán; ó máa ń dẹ̀yìn díẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 73 sí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìjókòó sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 ti sún sẹ́yìn ní bíi 3, ọwọ́ á sì ní láti nà sí i kó tó dé háńdù.

Tí kò bá sí téèpù níbi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí èèyàn jókòó, kó gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n dé nọ́ọ̀tì ìjókòó náà pa síbẹ̀.