Àwọ̀ òdòdó kì í sọ iye oògùn tó wà nínú ewé

Ẹni tó bá ti ra fúláwà rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù dúdú lẹ́bàá títì ní Ilé-Ifẹ̀ yóò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sábà ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ń dán, ẹ̀rún òdòdó rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, kì í sì í pẹ́ kó tó tún tanná. Òmíràn funfun báláú, òmíràn funfun àmọ́ ojú àárín rẹ̀ pọ́n, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn sì jẹ́ elésè àlùkò. Vinca ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Catharanthus roseus, erékùṣù Madagásíkà ló sì ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọ̀ òdòdó ló ń fi hàn bí oògùn inú ewé ṣe le tó. Àwọn kan á ní pupa ni kí ẹ mú bí ẹ bá fẹ́ fi wo ṣúgà, pé funfun kò ní agbára. Àwọn mìíràn á ní funfun gan-an ni oògùn, pé ẹwà ilé lásán ni pupa. Kò sí èyí tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rí àwọn tó gba pupa gbọ́ fara jọ òótọ́, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wò ó dáadáa. Wọ́n á ní kí ẹ wo igi rẹ̀. Lóòótọ́, bí ẹ bá gbé méjèèjì sún mọ́ra, ẹ ó rí i pé igi èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n sábà máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ìdí gòkè, tí ti olódòdó funfun báláú sì jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Wọ́n á wá ní agbára igi náà lẹ̀ ń rí yẹn. Àmọ́ aró ni. Anthocyanin ni wọ́n ń pè é, igi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, òun náà ló sì ń kun òdòdó. Oògùn tí àwọn onímọ̀ rí nínú ewé yìí wà lára àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní alkaloid, ọ̀nà tí igi ń gbà ṣe wọ́n sì yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà ṣe aró. Iṣẹ́ méjì ni nínú agboolé kan: bí aláró bá rẹ aṣọ títí tó fi dúdú, ìyẹn ò ní kí iyọ̀ pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ ìyàwó ilé.

Ó jọ mí lójú pé ìṣápá ló mú ìgbàgbọ́ yìí rọrùn fún wa. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò, bó bá ṣe pọ́n tó ni anthocyanin inú rẹ̀ pọ̀ tó, nítorí àwọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni èròjà tí a ń wá. Ìṣápá funfun tí àwọn ará Iléṣà àti Èkìtì ń fi se ọbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Níbẹ̀, ojú lè ṣe ìdájọ́. Lára vinca, ohun tí ojú ń rí kọ́ ni ohun tí a ń wá.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà ní ìtàn. Ní Jàmáíkà, wọ́n ti ń mu àgbo ewé yìí fún àtọ̀gbẹ tipẹ́. Ní 1952, wọ́n fi ewé náà ránṣẹ́ sí Kánádà, ó sì dé ọwọ́ onímọ̀ ìwádìí kan, Robert Noble. Ó fún eku mu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Nígbà tó gún un sí wọn lára, àìsàn kòkòrò ló ń pa wọ́n, torí pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. Ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun lè wúlò fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀: ohun tí òun àti Charles Beer, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ̀ lé nìyẹn títí wọ́n fi kéde vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n rí nínú ewé náà, ní 1958. Vincristine, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn láti inú ewé kan náà, tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1963. Títí dòní, òun ni wọ́n ń lò fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àti fún jẹjẹrẹ Burkitt, èyí tó máa ń mú kí àgbọ̀n ọmọ wú nílẹ̀ wa níbí.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú ewé? Ó kéré gan-an. Nǹkan bí 500 kìlógíráàmù ewé gbígbẹ ni wọ́n nílò kí wọ́n tó rí gíráàmù kan vinblastine. Èròjà méjì, vindoline àti catharanthine, ni igi ń so pọ̀ láti fi ṣe é. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ṣe àyẹ̀wò oríṣi 50 tí wọ́n ń tà fún ẹwà, wọ́n sì rí ọ̀kan tí vindoline inú rẹ̀ kéré gidigidi. Elésè àlùkò ni òdòdó rẹ̀, ó sì ń tàn bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi àwọ̀ yan oògùn ì bá ti mú un.

Àwọn tó ń ṣe irúgbìn wọ̀nyí jáde kò wá oògùn. Igi kúkúrú ni wọ́n ń wá, òdòdó ńlá, àwọ̀ tuntun, èyí tí òjò kò ní tètè jẹ́ kó jẹrà. Oògùn inú ewé lè pọ̀ sí i tàbí kó dín kù láàárín iṣẹ́ náà, láìsí ẹni tó ń wò ó. Kódà lára igi kan ṣoṣo, ewé ọ̀dọ́ orí ẹ̀ka ní vindoline ju ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó lọ, igi sì nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè ṣe é parí. Gbòǹgbò kì í ní vindoline rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀, àfi kó gbé ewé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ẹ̀ka Pharmacognosy, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa oògùn inú ewé àti egbò, ní OAU, yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ níbí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń já ewé olódòdó funfun fún ọmọ tàbí arúgbó, pé òun ló “rọ̀”. Dókítà tó ń lo vincristine máa ń wọn ara aláìsàn kó tó wọn oògùn. Kì í sábà ju mílígíráàmù 2 lọ fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì ń gbà wọlé. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn, ó ṣì máa ń mú kí ọmọ ìka kú tipiri, kí ìgbẹ́ le, kí agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà dín kù. Kí aláboyún má fi ẹnu kan ewé yìí, ìbáà jẹ́ ti funfun, ìbáà jẹ́ ti pupa. Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tó sì ń mu àgbo rẹ̀ pọ̀, kó sọ fún dókítà rẹ̀. Bí ọmọ bá já a jẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání, tewé tòdòdó, kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ.